Ọ̀sẹ̀ òtútù inú oṣù kẹjọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni ọ̀sẹ̀ òtútù yìí gan-an?

Láàárín ìparí oṣù keje sí ìparí oṣù kẹjọ, òjò ńlá máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ojú ọ̀run á ṣú láti òru mọ́jú, oòrùn ò ní yọjú títí di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ tútù á sì máa fẹ́ bọ̀ láti ìhà òkun. Òun ni rédíò ń pè ní August break. Ní oṣù kẹta, ooru ọ̀sán ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń tó dígírì 34. Nínú ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ yìí, ó lè má ju 27 lọ, ìdájí á sì wà ní 20 tàbí 21. Ẹni tó bá wá láti ìlú òyìnbó á ní ooru ṣì ń mú òun. Àwa mọ ìdí tí a fi ń wá súwẹ́tà.

Ṣé ọyẹ́ ló tètè dé ni?

Rárá o. Inú aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ó gbẹ, ó ní eruku, ètè ń là, aṣọ ń gbẹ kíákíá. Òkun ni tèyí ti ń bọ̀, omi ló sì gbé dání: ètè kì í là, aṣọ kì í gbẹ. Ẹ wo iyọ̀ inú agolo yín. Bó bá ń yọ́, kì í ṣe ọyẹ́.

Òkun jìnnà sí Ọ̀yọ́. Báwo ni òtútù rẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa?

Etí òkun jìnnà sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 160 kìlómítà bí a bá fà á tààrà, ó sì tó 190 sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n òru kan tó fún afẹ́fẹ́ láti rin ọ̀nà yẹn.

Omi òkun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tutù. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru gòkè láti ìsàlẹ̀ ibú ní etí òkun Ghana àti Côte d'Ivoire. Omi tó gbóná tó dígírì 28 ní oṣù kẹrin á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 25. Ní agbede-méjì ayé, láàárín òkun lọ́hùn-ún, omi ti ń tutù láti oṣù karùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi yìí kọjá á tutù, á sì ru ọ̀rinrin wá sórí ilẹ̀.

Lọ́sàn-án, ooru ilẹ̀ máa ń da afẹ́fẹ́ yìí rú, kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ooru rọlẹ̀, ọ̀nà là fún un. Ó lè rìn ju 20 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bó ṣe ń tutù sí i lójú ọ̀nà ni ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń di ìkúùkù, ìkúùkù náà sì máa ń wà nílẹ̀ gan-an, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju mítà 200 sí 400 lọ lókè orí wa ní ìdájí.

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, sí Kumasi ní Ghana, àti sí Savè ní Benin (ilẹ̀ ọmọ Yorùbá ni ìyẹn náà), láti wo bí ìkúùkù òru yìí ṣe ń kóra jọ àti bó ṣe ń tú. Ohun tí wọ́n rí kò yà sí ohun tí àgbẹ̀ ń sọ tipẹ́: òru ló ń kóra jọ, ọ̀sán ló ń tú ká.

Ojú ọ̀run ṣú tó báyìí, kí ló dé tí òjò ò rọ̀?

Ìkúùkù yìí fẹ̀, àmọ́ kò nípọn. Òjò tó ní àrá nílò ìkúùkù tó ga tó kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru ilẹ̀ ló sì ń tì í gòkè. Lásìkò yìí, ilẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà lókè sì bo ìkúùkù mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ohun tó lè jáde lábẹ́ rẹ̀ kò ju òjò wínníwínní lọ, èyí tó ń rin aṣọ tí kò sì wọ inú ebè.

Òjò ńlá kò kú o, ó ti ré wa kọjá ni. Ní oṣù kẹjọ, ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń pàdé afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ti lọ dé inú Sàhárà. Òjò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń rọ̀ ní ìhà Bauchi àti Kánò. Bí ojú ààlà yẹn bá tún ń padà bọ̀ sí gúúsù ni òjò tiwa náà á padà.

Ọjọ́ mélòó ló ń gbà?

Kò ní òfin. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ọdún mìíràn wà tí kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọdún mìíràn sì wà tó ń fà á gùn kọjá oṣù kan. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sí àríwá ni ó ń dín kù: Èkó ń rí i ju Ìbàdàn lọ, Ìbàdàn ń rí i ju Ọ̀yọ́ lọ. Ẹnu ààlà rẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Òjò lè má dáwọ́ dúró pátápátá níbẹ̀, kó kàn dín kù, kí ojú ọ̀run sì máa ṣú. Tí ẹ bá ti kọjá Ìlọrin lọ sókè, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì máa ń sọ bí wọ́n ṣe rò pé ìsinmi òjò yìí á ti gùn tó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní gúúsù. Ó yẹ kí àgbẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kó tó ra irúgbìn.

Ìgbà wo lójúmọ́ ni a lè retí oòrùn?

Láàárín aago 12 ọ̀sán sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ìdáhùn yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, nítorí orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà dúró lé. Oòrùn òwúrọ̀ ń mú orí ìkúùkù gbóná díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ náà ń gbóná lábẹ́, ìkúùkù á gòkè, á já sí wẹ́wẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í tú rárá. Ẹni tó bá sá nǹkan síta láti aago 7 àárọ̀, ìri àti ọ̀rinrin ló ń sá a fún. Ẹ dúró títí òjìji yín á fi hàn nílẹ̀ kí ẹ tó kó nǹkan jáde, kí ẹ sì kó o wọlé kí aago 5 tó lù.

Èlùbọ́ wa ń bu. Kí la ń ṣe tí kò dára?

Nínú ẹ̀rùn, iṣu tí a bọ̀ máa ń gbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Nínú ọ̀sẹ̀ yìí ó lè gba ìlọ́po méjì, iṣu tó bá sì wà ní tútù ju ọjọ́ méjì lọ ti ń ṣílẹ̀kùn fún ohun tó ń mú un bu. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ má bọ iṣu tuntun rárá títí ojú ọjọ́ á fi là. Bó bá di dandan, àwọn ohun tó ń yí ọ̀rọ̀ padà nìyí.

Ẹ gé e tín-ín-rín. Bí ẹ bá ń gé e gbàǹgbà nígbà ẹ̀rùn, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ báyìí. Omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ hó. Omi tó gbóná tó dígírì 60, tí ọwọ́ kò lè fara dà, ló tó. Bó bá hó, iṣu á jinná, ojú rẹ̀ á dì, omi inú rẹ̀ kò ní ráyè jáde, inú á sì bu nígbà tí ẹ̀yìn dà bí ẹni tó ti gbẹ. Ẹ fi í sínú omi náà di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, kí ẹ tó sá a.

Ẹ má sá a sílẹ̀, ẹ má sì sá a sórí ọ̀dà títì. Pẹpẹ tó ga ní mítà kan sílẹ̀, tí a fi àpapọ̀ igi tàbí wáyà ṣe, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ló ń ṣiṣẹ́. Lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ èlùbọ́ ju oòrùn lọ. Ẹ tẹ́ ẹ ní ẹyọ ẹyọ, kó má gun ara wọn, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ fi tapólì bò ó nítorí òjò, ẹ fi igi gbé tapólì sókè. Tapólì tó bá lẹ̀ mọ́ iṣu ń mú un làágùn.

Bí ẹ bá ní iná tó ń jó lọ nílé ìdáná, ẹ gbé pẹpẹ sí òkè rẹ̀ fún òru méjì. Èéfín á yí àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀, àwọn oníbàárà kan á sì kùn, àmọ́ ó sàn ju èyí tó bu.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ fi adùn bò. Iṣu tó bá ti yọ irun dúdú, àwọ̀ ewé tàbí pupa rúsúrúsú, ẹ dà á nù. Fífọ̀ ọ́, sísá a lẹ́ẹ̀kejì, lílọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára kò mú májèlé inú rẹ̀ kúrò. Ríro rẹ̀ lórí iná gan-an kò pa á. Májèlé yẹn, aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ẹ má sì wọ́n oògùn kòkòrò sí èlùbọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ kó pẹ́.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́?

Ẹ fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í bínú bí ó bá dúró oṣù kan sí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fà á tu, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Bí owó bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ fi ṣe gàrí, nítorí iná ló ń gbẹ gàrí. Láfún gbára lé oòrùn pátápátá. Ẹni tó bá rẹ láfún lọ́sẹ̀ yìí, òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ sọ fún aládùúgbò.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé àgbàdo ti gbẹ tó láti kó sínú àpò?

Ẹ wá ìgò tó gbẹ dáadáa, tó ní ìdérí. Ẹ bu ẹyọ àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ ẹ̀kún ṣíbí ìmùkọ méjì sí i. (Iyọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ. Bó bá ti rin nínú agolo, ẹ yan án lórí iná ná, ẹ jẹ́ kó tutù.) Ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo ju ìdá 15 nínú 100 lọ, kò tíì tó ìkó. Bí iyọ̀ bá ṣubú lulẹ̀ mọ́, ó ti ń súnmọ́ ọn, àmọ́ ìdá 12 sí 13 ni ẹni tó fẹ́ pa á mọ́ di ọdún tó ń bọ̀ ń wá.

Kí la lè gbìn nísinsìnyí?

Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló yẹ fún títún ilẹ̀ ṣe: ilẹ̀ rọ̀, òjò kò dí ẹ lọ́wọ́, oòrùn kò sì pa òṣìṣẹ́. Ẹ ro ó, ẹ kọ ebè, kí òjò kejì tó dé bá yín.

Fún àgbàdo ìgbà kejì, ìṣirò ló ń pinnu, kì í ṣe ìtara. Òjò máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láàárín ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Àgbàdo tó ń pọ́n ní ọjọ́ 90 máa ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ àti irun ní nǹkan bí ọjọ́ 52, àkókò yẹn ni òùngbẹ kò gbọdọ̀ gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbìn ín ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, á yọ irun ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, òjò ṣì wà. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, á yọ ọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, ẹ ó sì ká kùkù. Irú tó ń lo ọjọ́ 120 kò yẹ fún àkókò yìí rárá, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á yìn ín tó.

Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 75 sí àárín poro kan sí èkejì. Ẹyọ kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 25, tàbí ẹyọ méjì ní gbogbo 50. Ihò kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ fi ajílẹ̀ NPK 15-15-15 sí i nígbà tó bá pé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, sí ẹ̀gbẹ́, kó má kan ìdí. Yúríà tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún. Kòkòrò ajẹwé tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2016, tó máa ń wọ inú ọkàn àgbàdo, máa ń pọ̀ nínú tìgbà kejì. Ẹ yẹ inú ewé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun pákó nínú rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀wà ló yẹ jù ní tiwa. Èyí tó ń gbó ní ọjọ́ 60 sí 70, bí a bá gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí òjò bá ń lọ ni èso rẹ̀ ń gbẹ. Ẹ̀wà tó bá gbẹ sínú òjò ń hù sórí igi.

Ẹni tó fẹ́ fín oògùn koríko, kó dúró títí ìri á fi gbẹ lára ewé, ó lè tó aago 11. Ìri ń fọ́ oògùn lójú. Òjò tó bá sì rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn fínfín glyphosate lè fọ̀ ọ́ dànù.

Àwọn òròmọdìẹ ń kú lóru. Ṣé òtútù ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ kìíní nílò dígírì 32 sí 35, ìdájí wa sì jẹ́ 20. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sùn. Bí wọ́n bá gun ara wọn sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú fún àìrí èémí. Bí wọ́n bá sá lọ sẹ́bàá ògiri tí ẹnu wọn là sílẹ̀, ooru pọ̀ jù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fi ọ̀rá dí gbogbo ilé adìẹ pa. Ẹ dí ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, láti ilẹ̀ dé àyà, kí ẹ fi òkè sílẹ̀. Bí ojú yín bá ń ta yín bí ẹ bá wọlé, ìgbẹ́ adìẹ ti ń tú afẹ́fẹ́ burúkú jáde. Ẹ bu ìyẹ̀fun pákó ilẹ̀ sọ́wọ́, ẹ fún un: bó bá dì, tí kò tú, ẹ kó o kúrò. Inú èyí tó tutù ni kòkòrò tó ń mú kí adìẹ ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń pọ̀, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.

Ìlù dùndún ò dún mọ́. Ṣé kí a fa ọsán rẹ̀ le?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ ti mu omi ló fi dẹ̀. Bí ẹ bá fa ọsán le nígbà tí awọ tutù, bí oòrùn bá ràn lé e, awọ á sún kì, á sì ya. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́: ẹ gbé e jìnnà sí ẹyín iná ní nǹkan bí mítà kan, ẹ máa yí ojú méjèèjì sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, títí ohùn á fi padà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ọsán. Gúdúgúdú nílò ìṣọ́ra jù, nítorí ìda ojú rẹ̀ ń rọ̀ bí iná bá sún mọ́ ọn. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ wé ìlù sùn, kí ẹ sì gbé e kọ́. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì ń rin.

Sólà wa kì í gba iná mọ́.

Ó ń gbà, díẹ̀ ni. Lábẹ́ ìkúùkù tó ṣú dáadáa, páńẹ́lì lè má mú ju ìdá 10 sí 25 nínú 100 agbára rẹ̀ wá. Ẹ fi omi fífà àti aṣọ lílọ̀ sí àárín aago 12 sí 3. Bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ẹ má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ju fólítì 12.2 lọ nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti lọ níbẹ̀, sísọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ ló ń pa á. Bí iná ìjọba bá dé, òru tàbí ọ̀sán, ẹ fi gbà á kún.

Ṣé ó dára láti kọ́lé lásìkò yìí?

Fún dẹ́kì àti búlọ́ọ̀kù, kò sí àsìkò tó dára tó o, nítorí símẹ́ǹtì kò fẹ́ gbẹ kíá. Ẹ ṣì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje. Fún ọ̀dà kíkùn, ẹ dúró: ọ̀dà tó bá wà lórí ògiri tútù á bó.

Òtútù ń mú arúgbó. Ṣé kí a gbé iná èédú wọ yàrá?

Rárá, rárá. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì ń tú afẹ́fẹ́ májèlé jáde, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé ẹni náà síta sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ ilé ìwòsàn. Ẹ̀wù méjì, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ìbora tó. Ọfìnkìn kì í ṣe ibà. Bí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó ra oògùn ibà.

Kùrukùru máa ń bo títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìdájí. Iná wo ni kí awakọ̀ tàn?

Iná ìsàlẹ̀. Fúlù ń padà sí awakọ̀ lójú.

Ọmọ wa ń lọ sí etí òkun California nígbà ìrúwé. Wọ́n ní ooru ló wà níbẹ̀.

Ẹ fún un ní súwẹ́tà. Ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, etí òkun Los Angeles àti San Diego máa ń wà lábẹ́ ìkúùkù fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n ń pe ìyẹn ní May Gray àti June Gloom. Bí tiwa ni ìdí rẹ̀ ṣe rí: omi òkun tútù wà lábẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná gbígbẹ wà lókè, ìkúùkù há sáàárín. Ọ̀sán ló sábà ń tú níbẹ̀ náà. Ooru ọ̀sán lẹ́bàá omi kì í sábà ju dígírì 20 tàbí 21 lọ, ẹni tó bá sì wa ọkọ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ fún wákàtí kan lè bá ibi tó fi dígírì mẹ́wàá gbóná jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ń lọ sí ìlà-oòrùn Scotland á pàdé ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní haar, kùrukùru tó ń ti orí òkun wọlé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti parí?

Àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láìsí ìkúùkù, ọ̀sán á mú ooru tó ń rinni lára, afẹ́fẹ́ gúúsù á rọlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìkúùkù dúdú á dìde láti ìhà ìlà-oòrùn, mànàmáná á máa bù yẹ̀rì láti ìhà Ìlọrin, ìjì á sì ṣáájú òjò dé. Oṣù kẹsàn-án ni òjò wa máa ń le jù, kò sì ní fún yín ní wákàtí mélòó kan láti múra. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣì ń ṣú láìrọ̀, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, ẹ gun òrùlé, ẹ kan ìṣó mọ́ páànù tó ti ṣí létí, kí ẹ sì gé ẹ̀ka igi máńgòrò tó nà sórí ilé.